Àwọ̀ Àmútọ̀runwá àti Àwọ̀ Àbísọ: Kí Ọmọ Tó Kun Ọkọ̀ Bàbá Rẹ̀

Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Gbogbo Yorùbá ni ó mọ òwe yìí, kò sì mọ sórí ọmọ ènìyàn nìkan. Ẹni tí ó kọ́ ilé, ẹni tí ó gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi àti ẹni tí ó ra mọ́tò, gbogbo wọn ni wọ́n ń wo ilé kí wọ́n tó fún ohun tuntun náà ní orúkọ àti àwọ̀. Ọ̀ràn tí ó gbé òwe náà jáde lónìí kò jọ ọ̀ràn ńlá lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀: ọ̀dà wo ni ó yẹ kí ọmọ fi kun píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀?

Ní etí òkun Àgbádárìgì, láti Sẹ̀mẹ̀ tí ó bá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pààlà títí dé apá Ọ̀jọ́, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Peugeot 404 àti 504 tí ẹ̀yìn wọn ṣí sílẹ̀ ni ojú mọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ni wọ́n ń kó ẹja láti etí omi, tí wọ́n ń kó àgbọn láti inú oko, tí wọ́n sì ń gbé ẹrù àwọn ìyá ọlọ́jà lọ sí Àgbàlátà. Iṣẹ́ wọn sọ àwọn kan di onílé, ó sì rán ọmọ àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí olówó wọn bá di ẹni ilẹ̀, ọkọ̀ a wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ igi àgbọn, koríko a hù yí táyà rẹ̀ ká, adìẹ a sì máa yé sí abẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yóò fi rí owó díẹ̀, tí yóò sì ní òun fẹ́ jí ọkọ̀ náà dìde.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kì í dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Ohun tí ó bàjẹ́ ti bàjẹ́, mẹkáníìkì ni yóò sì sọ iye tí yóò gbà. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kan ọ̀dà ni ẹnu máa ń pọ̀. Ọmọ ní òun fẹ́ dúdú tí ń dán bí dígí. Àbúrò rẹ̀ ní pupa ni ó wu òun. Arábìnrin bàbá wọn ní kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan àwọ̀ tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ fi sílẹ̀. Ẹni tí ń kọjá lọ lè rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe eré. Ẹni tí ó bá ń yan ọ̀dà fún ọkọ̀ ẹni tí ó ti kú, ó ń gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu òkú náà ni, ó sì tọ́ kí ó mọ ohun tí òkú ì bá wí.

Àwọn Yorùbá kò fi àwọ̀ ṣeré rí. Orúkọ àwọ̀ tí ó jẹ́ ti èdè yìí láti ìpìlẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: funfun, pupa àti dúdú. Lábẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni àwọn ìyókù ń gbé. Ohun tí ó tutù, tí ó mọ́, tí ó sì ní àlàáfíà nínú, ti funfun ni. Òun ni aṣọ Ọbàtálá. Ohun tí ó gbóná, tí ó ń ta bí iná, ti pupa ni, ìbáà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ìbáà sì jẹ́ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè tí ó ti pọ́n. Òun ni Ṣàngó fi ń dẹ́rù ba ọ̀tá. Ohun tí ó jinlẹ̀, tí ojú kò tètè rí ìdí rẹ̀, ti dúdú ni. Abẹ́ dúdú ni aṣọ aró wà. Àní igbó tí òjò ti rọ̀ sí, tí ewé rẹ̀ yọ̀ dáadáa, àwọn àgbà a ní ó dúdú minimini. Nígbà tí ó bá di dandan kí wọ́n ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀, wọ́n a nawọ́ sí ohun tí ó ní àwọ̀ náà: àwọ̀ ewé, àwọ̀ sánmà, àwọ̀ eérú, elésè àlùkò.

Kí ọ̀dà inú agolo tó dé, ẹfun ni wọ́n fi ń kùn ní funfun, osùn ni wọ́n fi ń kùn ní pupa, ẹ̀lú àti èédú sì wà fún dúdú. Ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni wọ́n máa ń kun ògiri náà ní àkùntúnkùn, bí ọdún bá sì yí po, wọn a tún un kùn. Wọn kì í dédé gbé àwọ̀ lé ògiri. Ẹni tí ó ń kùn ún lónìí ti rí ọwọ́ ẹni tí ó kùn ún lánàá. Àkùntúnkùn kì í ṣe ìparẹ́. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn fi ń pa ohun àtijọ́ mọ́ láàyè ni.

Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba fi gba mọ́tò nígbà tí ó dé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n kó wọ ilẹ̀ yìí, Bedford àti irú rẹ̀, ṣaasí, ẹ́ńjìnnì àti iwájú nìkan ni wọ́n ní nígbà tí wọ́n ti òkè òkun dé. Káfíńtà ìlú ni ó fi pákó kan ara fún wọn. Lẹ́yìn káfíńtà ni ọ̀gá akunmọ́tò tẹ̀ lé e. Ó kun pákó ẹ̀gbẹ́, ó ya ẹyẹ tàbí kìnnìún sí ìdí ọkọ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú: òwe, àdúrà, tàbí èébú tí a fi ọgbọ́n sọ sí ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀ ni bọ̀lẹ̀kájà ṣe di ohun tí ọmọdé lè dá mọ̀ láti òkèèrè. Nígbà tí píkọ́ọ̀pù kékeré sì gba ojú ọ̀nà lẹ́yìn náà, àṣà náà bá a lọ. Ọ̀rọ̀ iwájú ọkọ̀ a di orúkọ olówó rẹ̀. Ẹni tí ó kọ “Ayé ń lọ” sí ọkọ̀, kò pẹ́ tí gbogbo ọjà yóò fi máa pè é ní Bàbá Ayé-ń-lọ, tí ọ̀pọ̀ kò sì ní mọ orúkọ tí bàbá tirẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti dé ojú rẹ̀. Bí Yorùbá bá bímọ, ọmọ lè bá orúkọ wá láti ọ̀run. Táíwò àti Kẹ́hìndé, Ìgè, Dàda, Àìná àti Òjó, kò sí ẹni tí ó jókòó yan ìwọ̀nyí. Bí ọmọ ṣe wáyé ni ó sọ ọ́. Orúkọ àmútọ̀runwá ni. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹbí a péjọ, wọn a wo ilé, wọn a sì fún un ní orúkọ àbísọ, èyí tí ó sọ ìtàn àwọn tí ó bí i. Ọkọ̀ pẹ̀lú ní oríṣi méjì. Àwọ̀ tí ó bá wá láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ni àwọ̀ àmútọ̀runwá rẹ̀. Àwọ̀ tí olówó rẹ̀ fún un ní ọjọ́ tí ó fẹ́ fi í ṣiṣẹ́, lẹ́yìn tí ó gbàdúrà, tí ó sì bá akunmọ́tò jókòó, ni àwọ̀ àbísọ. Gbogbo ìjà tí ẹbí ń jà lórí ọ̀dà, nítorí pé wọn kò ya méjèèjì yìí sọ́tọ̀ ni.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé àwọ̀ àmútọ̀runwá nìkan ni ó tọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó wà ní ìhà yìí, àwọn ọ̀dọ́ ilé náà sì ti ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní ọkọ̀ tí kò bá padà sí àwọ̀ tí ó bá jáde ní ilé iṣẹ́, irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ wọn ní ọgbọ́n nínú, nítorí ó ń dí ẹni tí ó fẹ́ ba ohun àtijọ́ jẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n béèrè ìdí tí ilé iṣẹ́ fi yan àwọ̀ náà. Láti 1914 títí di 1925, dúdú nìkan ni ilé iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà fi ń kun mọ́tò rẹ̀ tí ń jẹ́ Model T, nítorí pé àwọ̀ kan ṣoṣo mú iṣẹ́ yá, ó sì dín ìnáwó kù. Ọ̀dà ayé ìgbà náà ń pẹ́ kí ó tó gbẹ. Nígbà tí General Motors fi ọ̀dà tuntun tí DuPont ṣe kun mọ́tò Oakland tí wọ́n tà fún ọdún 1924, tí ọ̀dà náà sì ń yára gbẹ, ìgbà náà ni oríṣiríṣi àwọ̀ wá di ohun tí apá mẹ̀kúnnù ká. Èrè àti àkókò ni ó yan àwọ̀ fún wọn. Kò sí ẹni tí ó wo ilé kankan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí ilé iṣẹ́ mọ́tò dé Nàìjíríà. Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lẹ́bàá títì tí ó lọ sí Àgbádárìgì gan-an, ní apá Ọ̀jọ́. Àwọ̀ tí ó bá wà nínú ilé iṣẹ́ ni wọ́n fọ́n sí ọkọ̀. Ẹni tí ó gba funfun kì í ṣe ọmọ Ọbàtálá, ẹni tí ó gba àwọ̀ eérú kò sì ṣe ọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ha àwòrán igi àgbọn kúrò lára ọkọ̀ bàbá rẹ̀, tí ó nu ọ̀rọ̀ iwájú rẹ̀ nù, tí ó sì fi àwọ̀ eérú ilé iṣẹ́ kùn ún ní orúkọ òtítọ́, orúkọ tí ìlú fi mọ ọmọ ni ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì fi ti ìwé ìrìnnà ọkọ̀ ojú omi rọ́pò rẹ̀.

Ìhà kejì ni àwọn tí wọ́n ní olówó ni ó ni ohun rẹ̀, kí ó kùn ún bí ó ti wù ú. Àwọn yìí pọ̀ jù. Àpẹẹrẹ kan yóò fi hàn ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti tọ́ àti ibi tí ó ti kù díẹ̀. Kí a gbà pé ọmọkùnrin kan ní Àjárá jogún píkọ́ọ̀pù tí òkè rẹ̀ funfun, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ sánmà, tí ó sì fẹ́ kùn ún ní dúdú. Ó mú ọ̀rọ̀ náà tọ arábìnrin bàbá rẹ̀ lọ, ìyá àgbà tí ó ti fi ọkọ̀ náà kó ẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún.

“Ẹ má bínú, ìyá mi,” ni ọmọ wí. “Ayé ti yí padà. Dúdú ni ó ń dán jù, òun ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ń kùn.”

“Ọmọ mi, n kò ní kí o má kùn ún ní dúdú. Ohun tí mo bi ọ́ ni pé, bí o bá gbé e dé Àgbàlátà, ta ni yóò mọ̀ pé ọkọ̀ bàbá rẹ ni?”

“Ìyá mi, àwọn tí bàbá jẹ ní gbèsè pẹ̀lú kò ní mọ̀.”

“Ẹni tí ó mọ gbèsè rẹ̀ náà ni ó mọ oore rẹ̀. Àwọn tí yóò sọ pé ‘Gbé ẹrù mi, n ó san án lọ́la, mo mọ ilé tí o ti wá,’ àwọ̀ yẹn ni wọ́n mọ̀.”

Ìyá àgbà yìí sọ ohun tí àṣà wí. Àwọ̀ àbísọ ọkọ̀ jẹ́ ogún, bí orúkọ rere ti jẹ́ ogún. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí bàbá fi ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún kó jọ lẹ́bàá ọ̀nà ń gbé inú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá nù ún nù kò ṣẹ̀ sí òfin, ṣùgbọ́n ó sọ owó tí kò tíì kà nù. Òótọ́ sì ni pé ẹni tí ó ra ọkọ̀ lọ́wọ́ àjèjì kò sí lábẹ́ ẹrù yìí. Ìyàwó tí ó dé ilé ọkọ ń gba orúkọ tuntun lẹ́nu àwọn ará ilé. Ọkọ̀ tí ó bá bọ́ sí ilé mìíràn lè gba àwọ̀ tuntun pẹ̀lú. Ọmọ tí ó fẹ́ ta ọkọ̀ bàbá rẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó nu orúkọ bàbá kúrò, kí ẹlòmíràn má baà fi ṣe ohun tí bàbá kò ní ṣe.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù fún agolo ọ̀dà méjì, kí ó wo àyíká Àgbádárìgì fúnra rẹ̀. Kí ó wo àwọn ọkọ̀ apẹja tí wọ́n tò sí etí òkun, bí wọ́n ti fi ilà, àwòrán àti ọ̀rọ̀ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́ṣọ̀ọ́, tí àwọn tí ó wà létí omi fi ń mọ ọkọ̀ tí ń bọ̀ kí ó tó gúnlẹ̀. Kí ó wo Zangbeto, ọlọ́dẹ òru àwọn Ẹ̀gùn, bí wọ́n ti ń re ìko tí ó fi bora ní oríṣiríṣi àwọ̀ kí ó tó jáde. Kí ó wo àwọn ọmọ ìjọ Celestial, ìjọ tí Samuel Bilehou Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, tí ó sì fìdí múlẹ̀ ní gbogbo etí òkun yìí. Wọn kì í wọ aṣọ pupa tàbí dúdú. Ọmọ tí a bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó gbé mọ́tò pupa wọlé láìbéèrè, kò ní láti bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ìyá rẹ̀ kò fi fẹ́ wọ̀ ọ́. Ní ti àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń bọ Ògún, màrìwò ni wọ́n ń so mọ́ iwájú ọkọ̀, ìbáà jẹ́ àwọ̀ wo ni ọkọ̀ náà ní.

Ìjọba pàápàá mọ agbára àwọ̀. Lára nọ́ńbà ọkọ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́tà pupa ni ti ọkọ̀ tí ń pawó, búlúù ni ti aládàáni, àwọ̀ ewé sì ni ti ìjọba. Ìlú Èkó ti fi àwọ̀ ìyeyè tí ó ní ilà dúdú méjì ṣe àmì danfo àti mólùé tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀ náà fi di àwòrán ìlú fúnra rẹ̀. Nígbà tí gómìnà ìpínlẹ̀ náà kéde ní 2017 pé àwọn danfo aláwọ̀ ìyeyè yóò kúrò lójú títì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ará ilé wọn ni ó fẹ́ lọ. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹrin ọdún 1939, ọ̀gbẹ́ni Frank Cyr pe ìpàdé kan ní Columbia University ní New York, níbi tí wọ́n ti yan àwọ̀ ìyeyè fún ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé, nítorí pé lẹ́tà dúdú hàn kedere lórí rẹ̀ ní ìdájí. Àwọn yìí wo iṣẹ́ tí ọkọ̀ yóò ṣe kí wọ́n tó yan àwọ̀ fún un. Ohun tí ó yẹ kí onípíkọ́ọ̀pù náà ṣe nìyí. Kí ó má sì ṣe gbàgbé pé àwọ̀ ọkọ̀ wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tí ó bá yí i padà gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ọkọ̀, kí ìwé àti ara ọkọ̀ lè bára mu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọlọ́pàá ni yóò kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ akunmọ́tò wò.

Báwo wá ni ọmọ yóò ṣe mọ àwọ̀ tí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ní tẹ́lẹ̀, nígbà tí oòrùn àti iyọ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ di eérú? Ọkọ̀ yóò sọ fún un bí ó bá mọ ibi tí yóò béèrè. Àwọ̀ àmútọ̀runwá máa ń sá pamọ́ síbi tí akunmọ́tò kì í dé: abẹ́ rọ́bà ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn pákó iwájú awakọ̀, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀. Ní ti àwọ̀ àbísọ, kí ó mú sáńpépà tí ó kúnná, kí ó rẹ ẹ́ sínú omi, kí ó sì fi rọra fọ ojú kékeré kan lára ilẹ̀kùn. Àwọ̀ yóò máa yọ ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, ti òkè ni ó dé kẹ́yìn, ti ìsàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé. Kí ó sì ya fọ́tò ọ̀rọ̀ àti àwòrán ara ọkọ̀ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan án, kí ó fi bébà da ọwọ́ ìkọ̀wé náà kọ bí ó ti rí. Àwọn fọ́tò àtijọ́ tí ó wà nínú àpótí àwọn ìyá, ti ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú, sábà máa ń ní ọkọ̀ nínú. Kí ó ṣọ́ra nígbà tí ó bá ń ha ọ̀dà àtijọ́, nítorí pé òjé wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, májèlé sì ni eruku rẹ̀. Kí ó fi omi ha á, kí ó bo imú, kí ó sì lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Ní etí òkun, ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀dà ṣe pàtàkì ju ọ̀dà lọ. Afẹ́fẹ́ òkun gbé iyọ̀, iyọ̀ a máa fa omi mọ́ra, irin tí omi iyọ̀ bá sì ń rìn yóò dógùn-ún láìpẹ́. Inú ilẹ̀kùn, abẹ́ ọkọ̀ àti ibi tí irin méjì ti pàdé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú kò dé. Ẹni tí ó bá fi pọ́tì dí ojú ihò tí ó ti dógùn-ún, tí ó sì fọ́n ọ̀dà dídán lé e, aṣọ àrán ni ó fi bo egbò. Kí òjò tó rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, egbò yóò yọjú. Panẹ́bítà ni yóò kọ́kọ́ gé irin tí ó ti jẹrà kúrò, tí yóò sì jó tuntun mọ́ ọn. Omi kànga ni wọn yóò fi fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, kí ó gbẹ, kí ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ń dènà ìdógùn-ún tó kàn án, kí ọ̀dà aláwọ̀ tó dé lé e. Kí wọ́n ṣe é ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, lẹ́yìn tí ìrì òwúrọ̀ bá ti gbẹ, nítorí pé ọ̀dà tí ọ̀rinrin bá bá kì í dán. Ìwà lẹwà: ti ènìyàn ni wọ́n fi pa á lówe, ó sì bá mọ́tò mu.

Bí iṣẹ́ ìpìlẹ̀ bá ti tọ́, yíyan àwọ̀ kò ní ṣòro mọ́. Àwọn baba tí wọ́n fi funfun kun òkè ọkọ̀ ẹja kò ṣe é fún ẹwà nìkan. Funfun ń dá oòrùn padà, dúdú ń gbé e mì, ẹni tí ó bá sì jókòó sínú mọ́tò dúdú ní ọ̀sán ẹ̀rùn yóò mọ ohun tí wọ́n mọ̀. Àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ ń hàn láti òkèèrè lálẹ́, lójú ọ̀nà tí iná kò sí. Àwọ̀ tí ó ṣókùnkùn ní ìsàlẹ̀ ń gba ẹrẹ̀ àti yanrìn láìtètè hàn. Òkè funfun àti ìsàlẹ̀ tí ó dúdú díẹ̀, yálà búlúù ni tàbí àwọ̀ ewé, ọgbọ́n iṣẹ́ ni kí ó tó di ọ̀ṣọ́. Àwọ̀ kẹta ni ti ilà àti ti ìkọ̀wé. Kò sì yẹ kí ó pọ̀ ju mẹ́ta lọ, nítorí ọkọ̀ tí ó bá ń sọ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀kan.

Ìdájọ́ tí ó tọ́ nínú ìjà yìí, àṣà ìsọmọlórúkọ ti ṣe é tipẹ́. Ọmọ tí ń jẹ́ Táíwò kì í kọ orúkọ àbísọ rẹ̀, ẹni tí ó ní orúkọ àbísọ kì í sì sọ pé òun kì í ṣe Táíwò. Kí ọmọ tí ó jogún ọkọ̀ fi àwọ̀ àbísọ kun ara rẹ̀ lóde, níbi tí ìlú yóò ti rí i, kí ó sì fi àwọ̀ àmútọ̀runwá sílẹ̀ nínú, níbi ilẹ̀kùn àti iwájú awakọ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ọkọ̀ ti wá lè rí i. Kí ọ̀rọ̀ iwájú ọkọ̀ padà sí àyè rẹ̀. Bí ọmọ bá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ, ìdí ọkọ̀ gbòòrò tó. Bí ó bá sì di dandan pé kí àwọ̀ yí, nítorí ìgbàgbọ́ tàbí nítorí òfin, kí ó pe ẹbí jọ, kí ó sọ ọ́ fún wọn kí agolo tó ṣí. Kò ná an ju obì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ, ó sì ń gba ni lọ́wọ́ ìjà tí owó kò lè parí.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí agbára ọmọ kan ṣoṣo kò ká. Ọwọ́ tí ó kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ti ń dín kù. Ìwé alẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé ara ọkọ̀, ó yá, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n bákan náà ni ó rí lára gbogbo ọkọ̀, oòrùn etí òkun kì í sì pẹ́ ká a kúrò. Ọ̀gá akunmọ́tò tí kò ní ọmọ iṣẹ́ yóò kú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀, tí wọ́n ń ṣọdún Ògún lọ́dọọdún, lè fi ọjọ́ náà yẹ ọkọ̀ tí a kùn dáadáa sí. Àwọn tí ń tọ́jú ìtàn ní Àgbádárìgì, tí wọ́n ti ṣe bẹbẹ nípa títọ́jú ìrántí òwò ẹrú ní Badagry Heritage Museum, lè wá àyè fún pákó iwájú ọkọ̀ mélòó kan kí ikán tó jẹ wọ́n tán. Ìtàn ìyà ìlú yẹ kí a rántí. Ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ náà yẹ.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró de ìjọba. Píkọ́ọ̀pù tí ó wà lábẹ́ igi àgbọn kò ní dúró. Iyọ̀ ń jẹ ẹ́ lóru àti lọ́sàn-án, àwọn tí ó sì rántí àwọ̀ rẹ̀ ń dàgbà. Kí ọmọ lọ jókòó ti ìyá àgbà lónìí, kí ó béèrè ohun tí ó wà lára ọkọ̀ náà, ẹni tí ó kùn ún àti ìdí tí ó fi kùn ún bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà wà ní ọjà ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí yóò sọ ti àná fún ọmọ kì í sí lórí àtẹ.